Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ FÁÌLÌ ÀLÀKALẸ̀ ÀTI KỌ̀NTÉNÀ: BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE LÁÌBA IṢẸ́ JẸ́

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín nínú ìwé ọdọọdún yìí jẹ mọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. A fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń fi àṣẹ tí a tẹ̀ sínú fèrèsé dúdú, èyí tí wọ́n ń pè ní terminal, tún fáìlì àlàkalẹ̀ ṣe, àti bí a ṣe ń yí ètò kọ̀nténà padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló ń kọ́ iṣẹ́ yìí lónìí, tí àwọn òbí wọn ń wò wọ́n láìmọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí tọmọdé tàgbà jọ ka ẹ̀kọ́ yìí.

KÍ NÌDÍ TÍ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ FI ṢE PÀTÀKÌ?

Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ káàkiri àgbáyé fún bíi wákàtí 6. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé àṣẹ kan ló fà á. Wọ́n fẹ́ fi àṣẹ náà mọ bí ọ̀nà tó so àwọn ilé ẹ̀rọ wọn pọ̀ ṣe lè gba ẹrù tó, ṣùgbọ́n àṣẹ náà gé gbogbo ọ̀nà náà. Irinṣẹ́ kan wà tó yẹ kó yẹ àṣẹ náà wò kó sì dá a dúró. Àbùkù wà lára irinṣẹ́ náà, kò sì dá a dúró.

Ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 28, oṣù kejì, ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní Amazon fẹ́ yọ ìwọ̀nba sáfà díẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lóhùn. Òṣìṣẹ́ yìí ṣi ohun kan tẹ̀ nínú àṣẹ rẹ̀, sáfà tó kúrò sì pọ̀ ju èyí tó fẹ́ lọ. Ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní S3, ní Northern Virginia ní Amẹ́ríkà, dákẹ́ fún bíi wákàtí 4, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbára lé e sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Kí a má ṣe rò pé àwọn òpè ló ṣe èyí. Ọ̀jáfáfá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti sọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣẹ inú kọ̀ǹpútà rí. Bí a bá ti tẹ Enter, ó ti kúrò lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ kọ́ wa kò ju ọ̀nà méjì lọ: kí a máa wo iṣẹ́ wa dáadáa kí a tó tẹ Enter, kí a sì máa kọ àtúnṣe wa sí ibi tí kò ti ní parẹ́.

KÍ NI FÁÌLÌ ÀLÀKALẸ̀?

Gbogbo iṣẹ́ tí sáfà ń ṣe ló ní ìwé tí a kọ ìlànà rẹ̀ sí: ẹnu ọ̀nà wo ni kí ó gbà wọlé? Ta ni kí ó gbà láyè? Báwo ni ẹrù tí yóò gbà ṣe gbọdọ̀ tóbi tó? Ìwé ìlànà yìí ni à ń pè ní fáìlì àlàkalẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ni a fi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé lè kà á. Nínú kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà nínú àpò kan tó ń jẹ́ /etc.

Fáìlì yìí lè má ju ìlà mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n òun ló ń darí ẹ̀rọ ńlá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò tètè mọ ohun tí a ń sọ, nítorí wọ́n ti kọ hántú sórí wàláà rí. Báà ní àmì tó kan ṣoṣo nísàlẹ̀, táà ní àmì tó méjì lókè. Bí àmì tó bá ṣìnà, lẹ́tà ti yí padà nìyẹn, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sì ti bàjẹ́. Bákan náà ni fáìlì àlàkalẹ̀. Nínú àwọn kan, àmì ìdádúró (, ) kan tí a gbàgbé tó láti má jẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nínú irú tí wọ́n ń pè ní YAML, àlàfo tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà ni ó ń sọ ohun tó wà lábẹ́ ohun mìíràn. Àlàfo yìí ni kí a fi bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ tẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi Tab tẹ̀ ẹ́, YAML kì í gbà á.

KÍ NI KỌ̀NTÉNÀ?

Ẹni tó bá ti kọjá ní Àpápá rí mọ kọ̀nténà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹrin, ọdún 1956, ọkọ̀ ojú omi Ideal X ti ọ̀gbẹ́ni Malcolm McLean kó kọ̀nténà 58 láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà. Kí irú rẹ̀ tó gbòde, àpò àpò àti àpótí àpótí ni wọ́n ń ru ẹrù sínú ọkọ̀. Àǹfààní kọ̀nténà ni pé a ti di gbogbo ẹrù sínú àpótí kan tí ìwọ̀n rẹ̀ bára mu; ọkọ̀ tó gbé e kò ní í ṣe pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn oní-kọ̀ǹpútà yá ọ̀rọ̀ yìí lò. Kọ̀nténà ti kọ̀ǹpútà jẹ́ ètò iṣẹ́ kan pẹ̀lú gbogbo ohun tó nílò, tí a dì pọ̀ sójú kan, tí Linux sì mọ ògiri yí ká. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà mìíràn. Agbára kọ̀ǹpútà tó gbé e náà ló ń lò. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, ọ̀gbẹ́ni Solomon Hykes fi Docker han aráyé, láti ìgbà náà ni lílo kọ̀nténà ti gbilẹ̀.

Ohun méjì ni kí a mọ̀ yàtọ̀ síra. Ìkíní ni image. Image dà bí irin tí wọ́n fi ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ìkejì ni kọ̀nténà fúnra rẹ̀, òun ni búlọ́ọ̀kù tí a mọ jáde. Bí búlọ́ọ̀kù kan bá fọ́, a ó mọ òmíràn láti inú irin kan náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọ orúkọ wa sára búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, orúkọ náà kò ní sí lára èkejì.

Níbí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀. Wọn á wọ inú kọ̀nténà, wọn á tún fáìlì ṣe níbẹ̀, iṣẹ́ á sì dára. Bí wọ́n bá dá kọ̀nténà náà dúró tí wọ́n tún tan án, àtúnṣe náà á ṣì wà níbẹ̀, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá yọ kọ̀nténà náà kúrò láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Inú kọ̀nténà dà bí wàláà: a lè kọ nǹkan sí i, ṣùgbọ́n a ó fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ohun tí a bá fẹ́ kó pẹ́, inú ìwé ni à ń kọ ọ́ sí. Ìwé yìí ni fáìlì tó wà lóde kọ̀nténà.

ÀWỌN IRINṢẸ́ WA

Irinṣẹ́ tí a nílò kò pọ̀:

(a) cat àti less: wọ́n ń fi ohun tó wà nínú fáìlì hàn wá.
(b) grep: ó ń bá wa wá ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì.
(d) cp: ó ń da fáìlì kọ.
(e) nano: òun ló rọrùn jù láti fi kọ̀wé. Ctrl àti O ló ń fi iṣẹ́ pamọ́, Ctrl àti X ló ń jáde.
(ẹ) vi: ọ̀gbẹ́ni Bill Joy ló kọ ọ́ ní ọdún 1976. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba ọmọdé nítorí wọn kì í mọ bí wọn yóò ṣe jáde. Ẹ tẹ lẹ́tà i kí ẹ tó kọ̀wé. Bí ẹ bá parí, ẹ tẹ Esc, kí ẹ wá tẹ :wq láti fi pamọ́ kí ẹ sì jáde. Bí ẹ bá ti ba nǹkan jẹ́, :q! ni kí ẹ tẹ̀, ẹ ó jáde láìfi nǹkan kan pamọ́.
(f) sed: ó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé a ṣí fáìlì.
(g) diff: ó ń fi ìyàtọ̀ àárín fáìlì méjì hàn.

ÀPẸẸRẸ KAN LÁTI ÌBẸ̀RẸ̀ DÓPIN

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé iléèwé kan ní ojúlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn òbí ń fi fọ́tò ọmọ wọn ránṣẹ́ síbẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀. Nginx ni aṣọ́nà ojúlé náà. Òun ló ń gba ohun tí òbí fi ránṣẹ́ kí ó tó gbé e fún ètò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òbí wá ń ráhùn pé fọ́tò kò wọlé, nọ́ńbà 413 ni wọ́n ń rí. Ìtumọ̀ 413 ni pé ẹrù náà tóbi ju ohun tí aṣọ́nà gbà lọ. Bí a kò bá sọ nǹkan kan fún Nginx, megabyte 1 péré ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ fọ́tò tí fóònù ìsinsìnyí ń yà sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìforúkọsílẹ̀ bá ń parí lọ́la ńkọ́? Ọmọ ẹni lè pàdánù àyè nítorí ìlà kan ṣoṣo.

Àpò iṣẹ́ náà ń jẹ́ ilewe. Nínú rẹ̀ ni fáìlì compose.yaml wà, tí a kọ báyìí:

services:
  enuona:
    image: nginx:1.27
    ports:
      - "8080:80"
    volumes:
      - ./conf:/etc/nginx/conf.d:ro
    restart: unless-stopped

Ẹ wo ìlà tó ní 8080:80. Nọ́ńbà ọwọ́ òsì ni ẹnu ọ̀nà ti kọ̀ǹpútà tó gbé kọ̀nténà, ti ọwọ́ ọ̀tún ni ẹnu ọ̀nà inú kọ̀nténà. Ìlà tó wà lábẹ́ volumes ló ṣe pàtàkì jù fún wa: ó ní kí kọ̀nténà máa ka àpò conf tó wà lóde. Lẹ́tà ro tó wà nípẹ̀kun rẹ̀ sọ pé kíkà nìkan ni kọ̀nténà lè kà á, kò lè kọ nǹkan sí i. Ìwé wa wà lóde nìyẹn, a ti kúrò lórí wàláà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ṣiṣẹ́ náà ní ìgbésẹ̀ méje.

Ìkíní, a ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnìkan ti kọ ìlà náà tẹ́lẹ̀:

grep -n client_max_body_size conf/default.conf

Bí kò bá dáhùn, kò sí níbẹ̀ nìyẹn.

Ìkejì, a ó da fáìlì náà kọ, kí a lè ní ibi tí a ó padà sí:

cp -p conf/default.conf default.conf.bak

Ìkẹta, a ó fi nano ṣí i, a ó sì kọ ìlà kan ṣoṣo sí abẹ́ server {, báyìí:

client_max_body_size 10m;

Ẹ má gbàgbé àmì ìdádúró tó wà nípẹ̀kun rẹ̀. Ẹ má sì fi ọwọ́ kan ohun mìíràn. Bí a bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà tí iṣẹ́ sì bàjẹ́, èwo ni a ó dì lẹ́bi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ìkẹrin, a ó wo ìyàtọ̀:

diff -u default.conf.bak conf/default.conf

Ìlà tí a fi kún un yóò ní àmì + níwájú, èyí tí a yọ yóò ní àmì -. Bí a bá rí ju ìlà kan tí a kọ lọ, ọwọ́ wa ti ṣèèṣì kan ibòmíràn.

Ìkarùn-ún, a ó ní kí Nginx fúnra rẹ̀ yẹ ìwé náà wò kí ó tó lò ó:

docker compose exec enuona nginx -t

Yóò dáhùn pé syntax is ok, pé test is successful. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, yóò dárúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà tí àṣìṣe wà. A ó padà síbẹ̀.

Ìkẹfà, a ó wá ní kí ó bẹ̀rẹ̀ sí lo ìwé tuntun:

docker compose exec enuona nginx -s reload

Ìkeje, a ó fi fọ́tò tó ju megabyte 1 ránṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ó wọlé, a ó sì wo ohun tí kọ̀nténà ń sọ:

docker compose logs --tail 20 enuona

Ẹ̀yin ọmọ wa lè béèrè pé: kí ló dé tí a kò kàn dá kọ̀nténà dúró kí a sì tún un tàn? Ìdí pàtàkì wà. Bí a bá lo reload, tí àṣìṣe sì wà nínú ìwé, Nginx yóò kọ̀ ọ́, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú ìwé àtijọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dá a dúró tí a tún tan án pẹ̀lú ìwé tó ní àṣìṣe, kò ní lè dìde mọ́. Nítorí a ti kọ restart sínú compose.yaml, yóò máa dìde, yóò máa ṣubú, léraléra, gbogbo òbí tó bá wá síbẹ̀ yóò sì bá ilẹ̀kùn ní títì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àṣẹ méjèèjì nìyẹn.

ÌKÌLỌ̀ LÓRÍ SED

Bí a bá fẹ́ sọ 10m di 20m, sed lè ṣe é kíákíá. Àṣẹ yìí ń fi èsì hàn lójú fèrèsé nìkan, kò fọwọ́ kan fáìlì:

sed 's/client_max_body_size 10m;/client_max_body_size 20m;/' conf/default.conf

Bí èsì náà bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó fi -i.bak sí i lẹ́yìn ọ̀rọ̀ sed. Nígbà náà ni yóò yí fáìlì padà, yóò sì tọ́jú ti àtijọ́. Kí ló dé tí a kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, tí a kò kọ 10m nìkan? Nítorí sed kò mọ ohun tó wà lọ́kàn wa. Bí 110m bá wà níbòmíràn nínú fáìlì náà, yóò sọ ọ́ di 120m láìbéèrè.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn àgbà iṣẹ́ pàápàá láàmú. Bí a bá lo -i, sed kì í kọ̀wé sórí fáìlì àtijọ́. Fáìlì tuntun ló ń ṣe, yóò sì fún un ní orúkọ ti àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo ni a so mọ́ kọ̀nténà lórí Linux, ti àtijọ́ ni kọ̀nténà yóò máa kà lọ. Àwa á rí 20m lóde, òun á rí 10m nínú. Ìdí nìyí tí a fi so odindi àpò conf mọ́ ọn nínú àpẹẹrẹ wa, tí a kò so fáìlì kan ṣoṣo.

YÍYÍ ÈTÒ KỌ̀NTÉNÀ FÚNRA RẸ̀ PADÀ

Àwọn ètò kan wà tí kì í ṣe ti Nginx, ti kọ̀nténà ni: ìwọ̀n ìrántí tó lè lò, ẹnu ọ̀nà tó ń gbà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A lè dín ìrántí rẹ̀ kù lójú ẹsẹ̀:

docker update --memory 512m --memory-swap 512m ilewe-enuona-1

Ṣùgbọ́n orí wàláà náà ni èyí wà. Ọjọ́ tí a bá mọ búlọ́ọ̀kù tuntun, ètò náà kò ní sí mọ́. Ohun tó dára ni kí a kọ mem_limit: 512m sínú compose.yaml lábẹ́ enuona, kí ó wà déédéé pẹ̀lú restart. Ní ti ẹnu ọ̀nà, docker update kò tilẹ̀ lè yí i padà rárá, inú compose.yaml nìkan ni a ti lè ṣe é.

Lẹ́yìn tí a bá tún compose.yaml ṣe, a ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò:

docker compose config -q

Bí kò bá sọ̀rọ̀, ó dára nìyẹn. A ó wá tẹ̀:

docker compose up -d

Ẹ ṣọ́ra o. Àwọn kan máa ń tẹ docker compose restart, wọn á sì máa ṣe kàyéfì pé nǹkan kan kò yí padà. Kò lè yí padà, nítorí restart kì í ka compose.yaml tuntun, kọ̀nténà àtijọ́ ló ń tún tàn. Up -d ló ń yọ ti àtijọ́ tó sì ń ṣe tuntun.

Ẹnìkan lè sọ pé òun fẹ́ wọ inú kọ̀nténà wò. Kò burú. Àṣẹ docker compose exec enuona sh yóò mú un wọlé. Kí ó má yà á lẹ́nu bí kò bá rí nano tàbí vi níbẹ̀. Wọ́n máa ń dín ẹrù inú image kù kí ó lè fúyẹ́. Kí ó wo ohun tó fẹ́ wò, kí ó jáde, kí ó sì ṣe àtúnṣe lóde.

Ọ̀RỌ̀ AṢÍRÍ

Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àti kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ wà nínú compose.yaml tí gbogbo ènìyàn ń kà. Fáìlì .env ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí. Kí a fi chmod 600 .env tì í, kí ẹni tó ni ín nìkan lè kà á. Bí a bá ń fi Git tọ́jú iṣẹ́ wa, kí a kọ orúkọ .env sínú .gitignore. Kí a sì rántí pé docker compose config láìsí -q yóò tẹ aṣírí náà síta gbangba. Bí a bá fẹ́ ya fọ́tò ojú fèrèsé ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò ràn wá lọ́wọ́, kí a kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú fọ́tò náà.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: "Bí ohun tí o fẹ́ tẹ̀ yìí bá bàjẹ́, báwo lo ṣe máa dá a padà?" Bí ó bá ní èsì, iṣẹ́ ń wọ̀ ọ́ lára. Bí kò bá ní, kí ó má tíì tẹ Enter. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹni tó da fáìlì kọ, tó yí ohun kan padà, tó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lò ó, lè dà bí ẹni tí kò yára, ṣùgbọ́n òun ni àwọn ènìyàn yóò fi iṣẹ́ ńlá lé lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín image àti kọ̀nténà?
2. Kí ló dé tí àtúnṣe tí a ṣe nínú kọ̀nténà kì í pẹ́?
3. Kí ni 413 túmọ̀ sí, ìlà wo ni a sì fi tún un ṣe nínú Nginx?
4. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí àṣìṣe bá wà nínú ìwé tí a sì lo reload? Bí a bá dá kọ̀nténà dúró tí a tún un tàn ńkọ́?
5. A kọ mem_limit sínú compose.yaml, a wá tẹ docker compose restart. Ǹjẹ́ ètò tuntun náà yóò ṣiṣẹ́? Ṣàlàyé.

Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé. Ẹ má kọ ọ́ sórí wàláà o.